Ìkúùkù tó wà láàárín Detroit

Detroit,
Ọjọ́ Sátidé.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Màmá ńkọ́, ṣé ara wọn ti le? Ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní kí ló dé tí Amẹ́ríkà fi káwọ́ lẹ́rán fún ohun tó lé ní ọdún méjì, tí Hitler ń jẹ ilẹ̀ Yúróòpù bí ẹni jẹ̀kọ, kí wọ́n tó dá sí i. Wọn ò káwọ́ lẹ́rán o. Ara wọn ni wọ́n ń bá jà lórí bóyá kí wọ́n wọ ogun náà tàbí kí wọ́n má wọ̀ ọ́, ìlú tí mo ń gbé yìí sì wà lára ibi tí ìjà náà ti gbóná.

Lánàá mo lọ síbi tí òpópónà Jefferson àti Woodward ti pàdé. Apá ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi idẹ rọ, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 24, wọ́n fi wáyà gbé e kọ́ sáàárín àwọn òpó irin. Ó di ìkúùkù, kò wọ ìbọ̀wọ́ kankan. Apá Joe Louis ni, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò. Alabama ni wọ́n bí i sí, ìdílé rẹ̀ kó wá síbí ní 1926.

Ní 1936, Max Schmeling ará Jámánì lù ú bolẹ̀ ní ráùǹdì kejìlá, àwọn Nazi, ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, sì fi í yangàn pé ẹ̀yà àwọn ló ga jù. Wọ́n tún pàdé ní Yankee Stadium ní New York, ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, 1938. Nǹkan bí 70,000 ènìyàn ló wà níbẹ̀, àwọn tó kù fẹ̀gbẹ́ ti rédíò. Àkànní, ìṣẹ́jú àáyá 124 péré! Ẹni tó bá lọ bu omi mu, kó tó padà jókòó, ìjà ti parí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Schmeling lulẹ̀. N kò ní parọ́ mọ́ ọn: kò wọ ẹgbẹ́ Nazi, ó sì fi ọmọkùnrin Júù méjì pamọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n létí àwọn tó ń gbọ́ rédíò, Hitler ló lulẹ̀.

Rédíò yìí náà ló ń gbé ohùn Fáda Coughlin. Ìjọ rẹ̀ wà ní Royal Oak, kò jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ló ń gbọ́ ọ, nígbà tó sì fi máa di 1938, àwọn Júù ló ń bú. Lindbergh tó dá nìkan fò láti New York dé Paris, Detroit ni wọ́n bí i sí. Òun àti Henry Ford tó ń ṣe mọ́tò gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ìjọba Hitler ní 1938. Lindbergh yìí kan náà ló dúró ní ìlú Des Moines ní oṣù Kẹsàn-án 1941, tó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Júù àti ìjọba Ààrẹ Roosevelt ló ń ti Amẹ́ríkà sógun.

Roosevelt fúnra rẹ̀ ṣèlérí fáwọn òbí ní Boston, nígbà ìpolongo ìbò 1940, pé wọn ò ní rán ọmọ wọn lọ sógun ilẹ̀ òkèèrè. Kò pé oṣù mẹ́ta tó tún bọ́ sórí rédíò, ó ní kí Amẹ́ríkà máa rọ ohun ìjà fáwọn tó ń jà. Ní oṣù Kẹjọ 1941, nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, ìbò kan ṣoṣo, 203 sí 202, ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ogun túká lọ sílé.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń rọ ohun ìjà yẹn ni kì í gba adúláwọ̀. Ìgbà tí A. Philip Randolph, aṣáájú òṣìṣẹ́ adúláwọ̀, lérí pé àwọn yóò kó èrò rẹpẹtẹ wọ Washington ni Roosevelt tó buwọ́ lu àṣẹ, ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 1941, pé kí wọ́n yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun wá dé, Louis ja ìjà kan ní oṣù Kìíní 1942, ó sì fi owó rẹ̀ ta àwọn ọmọ ogun ojú omi lọ́rẹ. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ nídìí oúnjẹ ni wọ́n sì ń fún adúláwọ̀ nínú ọkọ̀ wọn nígbà náà.

Mo fi fọ́tò ìkúùkù náà sínú àpò ìwé yìí. Fi han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, kí o sì kọ ìbéèrè wọn ránṣẹ́ sí mi. Bá mi kí Màmá.

Èmi ni tìrẹ,
Àlàó