Kí Ẹ Tó Bèèrè Iye Owó Ilé, Ẹ Bèèrè Ìwé Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń gba owó oṣù ní Àkúrẹ́,

Owó háyà ilé ti ń ni yín lára, ẹ sì fẹ́ ra tiyín. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwé, nítorí òun ló ń sọ bóyá owó tí wọ́n ń yáni ní èlé kékeré yóò dé ọwọ́ yín.

Bí ẹ bá ń dá 2.5% owó oṣù yín sí National Housing Fund (àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀), lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ẹ lè béèrè owó ilé gba ọwọ́ báńkì tó ń yáni lówó ilé. Ká ní ₦10,000,000 lẹ yá, tẹ́ ẹ fẹ́ fi ogún ọdún san ní èlé 6% lọ́dún, nǹkan bí ₦71,650 ni lóṣù. Bí èlé bá ga tó 25%, owó yìí kan náà á lé ní ₦209,000 lóṣù. Ilé tí ìwé rẹ̀ kò dúró, báńkì kò ní gbà á ṣe ohun ìdógò. Bẹ́ ẹ bá wá ní láti yá owó èlé ńlá, ilẹ̀ pọ́ọ́kú tí kò níwèé lè wọ́n ju èyí tó níwèé lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo ilé tí ìjọba kọ́, bíi ti Ìjàpọ̀ tàbí Ọ̀bà-Ilé. Ọmọ onílẹ̀ kì í sábà dààmú ẹni níbẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà allocation, tó fi hàn pé wọ́n pín ilé fúnni, kì í ṣe C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ látọwọ́ ìjọba, o! Bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pín in fún lẹ ti ń rà á, ẹ rí i pé iléeṣẹ́ tó ni ẹ́sítéètì náà fọwọ́ sí i, kí orúkọ yín sì wọ fáìlì. Ẹ wo ògiri dáadáa. Èyí tó lanu láti igun fèrèsé tó sì là gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sílẹ̀, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ló sábà ń rì. Ọ̀dà kò lè wò ó sàn.

Ilẹ̀ aládàáni, lójú ọ̀nà Ọ̀dà tàbí Ìjọ̀kà, lè fẹ̀ ju ti ìjọba lọ, ẹ sì lè máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, tí olórí ẹbí kò fọwọ́ sí i, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà, àwọn tó kù lè gba ilé ẹjọ́ lọ fagi lé e. Kí sọfíyọ̀ (ẹni tó ń wọn ilẹ̀) tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, gbé ìwé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì Sọfíyọ̀ Àgbà, kó wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ibẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá ti ní C of O, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní kẹ́ ẹ gba ìfọwọ́sí gómìnà. Ẹ ṣírò owó yẹn mọ́ iye tí wọ́n pè é, pẹ̀lú fẹ́ǹsì, omi àti òpó iná.

Ẹ lọ síbẹ̀ lóṣù kejì, kẹ́ ẹ ju korobá sínú kànga aládùúgbò, torí àpáta ló wà lábẹ́ Àkúrẹ́, kànga á sì máa gbẹ. Ẹ padà lọ lóṣù kẹsàn-án lẹ́yìn òjò ńlá. Bó bá jẹ́ ìtòsí Odò Àlà ni, tí àpá omi sì wà lára ògiri àwọn ilé ibẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀.

Bàbá yín,
Àkúrẹ́.