Lẹ́tà Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Báàgì tí Ọmọ Yóò Gbé Kọ́ Ẹ̀yìn Lọ sí Òkè Ìdànrè

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ dá àwọn ọmọ wa padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní àlàáfíà lẹ́yìn ìsinmi ọdún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú lẹ́tà sáà yìí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn nínú oṣù Kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ JSS 3 yóò gun Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, gbogbo ohun tí mo sì fẹ́ kọ síhìn-ín dá lórí báàgì tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gbé kọ́ ẹ̀yìn lọ.

Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 la ó kọ́kọ́ gùn, ibùsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà náà. Ẹ̀rù àtẹ̀gùn yẹn kò bà mí, nítorí pé ojú kan ni gbogbo wa yóò gbà gòkè. Ohun tó ń gbà mí lọ́kàn ni ìlú àtijọ́ tó wà lókè pátápátá, èyí tí àwọn ará Ìdànrè fi sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1933 nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀. Bí a ti ń ti ààfin àtijọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ àtijọ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ ń yà sọ́tùn-ún sósì láàrin àpáta àti igbó, ọmọ tó bá sì dúró láti so okùn bàtà rẹ̀ lè gbójú sókè kó má rí ẹnikẹ́ni mọ́.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí, lórí òkè mìíràn, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún méjìlá, dúró lẹ́yìn láti tọ̀, ó wá gba ọ̀nà tó dà bí èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí a tó rí i, ohùn rẹ̀ sì ti há nítorí igbe tó ti ń ké. Ìyá rẹ̀ ti ra fèrè fún un, bẹ́ẹ̀ ni fèrè náà wà nínú báàgì, báàgì sì wà nínú bọ́ọ̀sì ní ìsàlẹ̀ òkè, nítorí pé olùkọ́ kan ṣàánú ọmọ náà, ó ní kó fi ẹrù sílẹ̀ kí ara lè fúyẹ́. Èmi ni ọ̀gá tó yẹ kó yẹ ẹ̀yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan wò kí a tó gbéra, mi ò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ọmọ tí kò bá gbé báàgì ara rẹ̀ kò ní gun òkè kankan pẹ̀lú wa.

Nítorí náà, fèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, irú èyí tí rẹfirí ń fọn ní pápá bọ́ọ̀lù. Kí ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ó wà lọ́rùn ọmọ, kì í ṣe nínú báàgì. Ìfọn mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, kí ó dákẹ́ díẹ̀, kí ó tún fọn mẹ́ta: àmì pé mo nílò ìrànlọ́wọ́ nìyẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun òkè káàkiri ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Kí ẹ kọ́ ọmọ pé ní kété tó bá ti rí i pé òun ti ṣìnà, kó dúró síbi tó wà. Ọmọ tó dúró sójú kan sún mọ́ ibi tí a ti rí i kẹ́yìn, ibẹ̀ náà la ó sì kọ́kọ́ padà sí. Èyí tó ń rìn kiri ń sọ ibi tí a ó wá a sí di púpọ̀ ni.

Lẹ́yìn fèrè, omi ló kàn. A ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní aago mẹ́jọ àárọ̀, a ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ ní aago kan ọ̀sán. Bí a bá ka ìdajì lítà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, lítà méjì ààbọ̀ ni ọmọ kan nílò, ó sì sàn kó wà nínú ike tó ní ìdérí ju inú ọ̀rá lọ, nítorí pé omi ọlọ́ràá tí a bá ti já kò ṣe é dé padà. Ẹ fi ORS kan, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pò mọ́ omi fún ẹni tí omi ara rẹ̀ ń gbẹ, sínú báàgì. Bí kò bá sí ORS, ẹ lè po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n etí ṣíbí láìga, mọ́ lítà kan omi tó mọ́. Kí iyọ̀ má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lítà kan omi wọn kílò kan, báàgì kò sì yẹ kó wúwo ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara ọmọ lọ. Ọmọ tó wọn 40 kílò kò gbọdọ̀ gbé ju kílò mẹ́rin lọ, omi sì ti gba méjì ààbọ̀ níbẹ̀. Kílò kan ààbọ̀ ló kù fún gbogbo ìyókù. Mo mọ bó ṣe ń dun ìyá pé kí ọmọ òun jáde láìsí kúlà ìrẹsì àti ẹran, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fi kúlà náà sílé. Ẹ̀pà, kúlíkúlí, dàbínù àti bísíkíìtì díẹ̀ kò wúwo, wọn kì í sì í tètè bàjẹ́. Oúnjẹ gbígbóná yóò máa dúró dè wọ́n ní ìsàlẹ̀.

Kí bàtà jẹ́ kánfáàsì tí ọmọ ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, torí bàtà tuntun a máa bó ẹsẹ̀, sálúbàtà a sì máa yọ̀ lórí àpáta. Àwọn òjò àkọ́rọ̀ a máa bá ìjì àti ààrá dé ní ìparí oṣù Kejì, nítorí náà aṣọ òjò ni kí ẹ fún wọn, kì í ṣe agbòòrùn, kí ọwọ́ méjèèjì lè wà lófìfo láti di nǹkan mú. Bí a bá ti gbọ́ ààrá lókèèrè, a ó sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ibi yòówù tí a bá dé. Súẹ́tà kan yóò wúlò fún òtútù ọyẹ́ ní àárọ̀. Kí tọ́ọ̀ṣì kékeré wà níbẹ̀ pẹ̀lú bátìrì mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán la ń lọ, nítorí pé bí nǹkan bá dá wa dúró, ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Àwọn olùkọ́ ni yóò mú ìṣáná àti àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì dání. Kí ọmọ kankan má mú iná wá, torí koríko ti gbẹ.

Àwọn òbí kan ti béèrè nípa ejò. A kì í sábà rí i, ṣùgbọ́n bí ó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, a kò ní fi abẹ gé ojú ibẹ̀, a kò ní fi ẹnu fa oró, a kò sì ní fi okùn dì í pinpin. A ó bọ́ òrùka àti bàtà kúrò kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tó wú, a ó fi igi àti báńdéèjì dá a dúró kí ó má máa mì, a ó sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún ọmọ ní òkúta dúdú tàbí àgúnmu kankan dání fún èyí.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ. Bí jẹnotáìpù ọmọ yín bá jẹ́ SS tàbí SC, bí ó bá ní ikọ́ fée tàbí wárápá, tàbí tí oúnjẹ kan kì í bá a lára mu, ẹ bá mi sọ ọ́ ní ọ́fíìsì mi, yóò sì jẹ́ àṣírí láàrin wa. Òùngbẹ, òtútù àti àárẹ̀ lè gbé ìrora dìde sí ọmọ tó ní SS, orí òkè kò sì sún mọ́ dókítà. A kò ní lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìrìn àjò. Ẹ gba ìmọ̀ràn dókítà rẹ̀, a ó sì jọ pinnu ibi tí yóò gùn dé. Kí oògùn rẹ̀ wà nínú báàgì òun gan-an, kí ẹ fi ìkejì lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà yín, irú ẹ̀jẹ̀ àti jẹnotáìpù rẹ̀ sórí ìwé kékeré, kí ẹ wé e sínú ọ̀rá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí lókè. Síbẹ̀, kí ọmọ mọ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè wa, lórí.

Ẹ má bá ọmọ di báàgì yìí. Ẹ jókòó tì í, kí òun fúnra rẹ̀ dì í, kí ó tanná tọ́ọ̀ṣì, kí ó fọn fèrè, kí ó sì pa ojú dé kí ó fi ọwọ́ kan wá oògùn rẹ̀ títí yóò fi mọ àpò tó wà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé báàgì rẹ̀ wá sílé ẹ̀kọ́ bó ṣe dì í. Èmi àti àwọn olùkọ́ yóò wọ̀n ọ́n, a ó sì tú u wò lójú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì dá a padà ṣáájú ọjọ́ náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọ̀gá Àgbà Ilé Ẹ̀kọ́