Ọkọ̀ Tí Èèyàn Fi Ń Kọ́ Mọ́tò Kì Í Ṣe Ọkọ̀ Tí Wọ́n Máa Sunkún Lé Lórí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ mọ́tò láyé ìsinsìnyí kó wá jíìpù ńlá tó jẹ́ ọ́tò, èyí tó ń pààrọ̀ jíà fúnra ẹ̀, pé òun ló ń dáàbò bo èèyàn, pé ta ló tún ń da ara ẹ̀ láàmú pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n máa ń tẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ jíà. Mo rẹ́rìn-ín títí, ìgbà tí mo rántí òpó géètì ilé wa ni ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi.

Ọkọ mi ló ni ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi kọ́ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àmì ohùn yẹn sí i dáadáa, kí wọ́n má bàa kà á sódì). Highlander ni, jíìpù ọ́tò, tòkunbọ̀, kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n rà á, ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Èmi ò ga, bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ni mò ń rí, gọ́tà wà lápá ọ̀tún n ò rí i, òpó wà níwájú n ò mọ bó ṣe jìnnà tó. Bàbá Ìbejì jókòó tì mí, wọ́n de bẹ́líìtì, wọ́n tún fi ọwọ́ méjèèjì di dáṣíbọ́ọ̀dù mú bí ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sí ohun tí mò ń gbọ́ ju "rọra", "jọ̀ọ́ rọra", "owó mi o". Ẹni tó ń gbọ́ "owó mi" létí ò lè kọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta, mo fẹ́ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi bọ́ sórí tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré. Ọkọ̀ wà lórí D, jíà tó ń gbé e lọ síwájú, kò bi mí léèrè ohunkóhun, ó kàn lọ ni. Bọ́ńpà lọ, iná iwájú kan lọ, dígí ẹ̀gbẹ́ náà lọ. Odindi ọjọ́ mọ́kànlá ni èmi àti ọkọ mi ò fi sọ̀rọ̀ mọ́tò nínú ilé, ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ló kù tá a jọ ń sọ.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí bàbá tó kọ lẹ́tà yẹn bá mi wò. Máńúà, ìyẹn ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì, tó o bá ṣì í ṣe, ó sábà máa ń kú mọ́ ẹ lọ́wọ́ ni, ojú á tì ẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn á fun fèrè, wọ́n á bú ẹ délé ìyá ẹ, àmọ́ ọkọ̀ dúró. Ọ́tò ní tiẹ̀, tó o bá ṣì í ṣe, ó ń lọ. N ò sọ pé ẹni tí orúnkún ń dùn kó lọ máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó o, ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tó ń kọ́ ni mò ń sọ.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa ní Mọ́lété níbí, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, Micra oníkílọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń ṣe takisí, òun náà ni wọ́n wá fi kọ́ mi. Ará Ìbàdàn ò nílò kí n ṣàlàyé Micra. Ọkọ̀ kékeré, dígí yí i ká, tó o bá wẹ̀yìn, ibi tí dígí parí sí ni ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí, kò sí bọ́ọ̀tù gbọọrọ tí wàá máa ro ibi tó dé. Epo tó ń mu ò tó nǹkan, ìyẹn sì ṣe pàtàkì látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, torí ẹni tó ń kọ́ mọ́tò, kò sí ibi tó ń lọ, ó kàn ń jó epo ni. Ti bàbá yìí ti ní egbò yíká débi pé mi ò mọ èyí tí mo dá sí i lára. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi í họ ara ògiri, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin kọ́ lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ máa lọ." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n wà.

Mótò bọ́ì ni bàbá yìí nígbà tí wọ́n yí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà láti ọwọ́ òsì ọ̀nà sí ọwọ́ ọ̀tún, 2 April 1972. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn ò jẹ́ kí àwọn fọwọ́ kan sítíárìn bọ̀lẹ̀kájà fọ́dún méjì gbáko, igi ni àwọn ń gbé sẹ́yìn táyà tí ọkọ̀ bá dúró lórí òkè. Èmi ò ní mótò bọ́ì, ni wọ́n bá lo píọ̀ wọ́tà. Ìdájí ọjọ́ Sunday, kí ọjà tó kún, wọ́n á ní kí n dúró ní ìdajì òkè tó lọ sí gbọ̀ngàn Màpó, wọ́n á gbé píọ̀ wọ́tà kan sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, ó ku díẹ̀ kó kan án. Mo fa hánbíréèkì, mo ki jíà sí wáànù, mo ń yọ ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀ títí imú ọkọ̀ fi gbéra sókè, tí gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n, ìgbà yẹn ni kí n tó tú hánbíréèkì sílẹ̀. Tí mo bá kánjú, mo gbọ́ "pọ̀ọ̀", omi ti ṣàn. Mo fọ́ mẹ́rìnlá. Sunday kẹrin, èyí tí wọ́n gbé síbẹ̀ ò fọ́, bàbá bu ún jẹ lẹ́nu, wọ́n mu ún.

Ẹ ò lè gbé Highlander ọkọ yín ṣe irú ẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Manchester, láísẹ́ǹsì Nàìjíríà tó gbé lọ, oṣù méjìlá péré ni wọ́n gbà kó fi wakọ̀ níbẹ̀. Ó lọ ṣe ìdánwò tiwọn nínú ọ́tò kó lè tètè bọ́ níbẹ̀, ó yege. Láìpẹ́ ó rí iṣẹ́ ẹrù gbígbé kan, fáànù wọn jẹ́ máńúà, láísẹ́ǹsì tiẹ̀ ò sì gbà á láyè ju ọ́tò lọ. Iṣẹ́ bọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ fọ́mọ yín, ẹ má wo AC. Ẹ wò ó bóyá ìjókòó ẹ̀ ṣì ń sún síwájú, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ti dógùn-ún síbẹ̀, ẹ fa hánbíréèkì ẹ̀ lórí òkè kẹ́ ẹ wò ó, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wo ara táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, ẹni tó ń tà á ò ní sọ fún yín. Tí ẹ ò bá ní owó ọkọ̀, ẹ wá ilé-ìwé mọ́tò tí ọkọ̀ wọn ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ tíṣà náà.

Ìbejì ti pé méjìdínlógún. Táyé ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, mo ra odindi báàgì píọ̀ wọ́tà kan fún un lọ́jọ́ Saturday, ó ti ku mẹ́ta.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Mọ́lété, Ìbàdàn.