Eré Orí Ìtàgé Pọ̀ ní Èkó, Ẹ Bá Wa Kéde Rẹ̀ ní Èdè Yorùbá

Olótùú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú akitiyan lórí ìwé ìròyìn tí à ń kà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi ààyè gbà mí sọ kan ojú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwọn òṣèré. Ojú ewé náà máa ń kún fún ìròyìn fíìmù: ẹni tó gbé fíìmù tuntun jáde, ẹni tó kọ́lé, ẹni tó ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò bínú sí èyí, nítorí pé àwọn òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé eré orí ìtàgé, tí òṣèré àti òǹwòran ti jọ ń rí ara wọn lójúkojú, kì í sábà rí ju ìlà méjì lọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣòro kí òpin ọ̀sẹ̀ kan kọjá ní ìlú Èkó tí irú eré bẹ́ẹ̀ kò ní wáyé níbì kan. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi èdè Yorùbá kéde eré tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì rán ẹnìkan lọ wò wọ́n.

Kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo ni eré tó wà ní Èkó. Ní Terra Kulture ní Victoria Island, tí Bọ́láńlé Austen-Peters dá sílẹ̀ ní 2003, eré olórin ńláńlá ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́, tí oníjó àti akọrin máa ń kún orí ìtàgé fọ́fọ́, yálà ìtàn Mọ̀rèmi ni wọ́n ń sọ tàbí ti Fẹlá àti àwọn ayaba rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó ti orin tó gba ìfarabalẹ̀ á lọ sí MUSON, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn olórin, ní Oníkan. Nítòsí ibẹ̀ náà ni Freedom Park wà ní Broad Street, lórí ilẹ̀ tí ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn amúnisìn wà tẹ́lẹ̀. Láti 2010 tí wọ́n ti ṣí i ni àwọn òṣèré ti ń rí ibi ṣe eré ní gbangba ìta níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó ní Akọkà ń ṣe tiwọn, àwọn ìjọ ń ṣe tiwọn ní àsìkò Kérésìmesì àti Àjíǹde, àwọn aláwàdà tó ń dá nìkan dúró lórí ìtàgé náà kò sì gbẹ́yìn. Lagos Theatre Festival, tí British Council bẹ̀rẹ̀ ní 2013, tilẹ̀ fi hàn wá pé ibi tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ fún eré lè gba eré.

Bí a bá sọ̀dá sí Bàrígà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ojú ó rí. Ẹgbẹ́ Crown Troupe of Africa, tí Ṣẹ́gun Adéfilá dá sílẹ̀ ní 1996, fìdí kalẹ̀ sí àdúgbò náà. Ijó, orin, ìlù àti ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pò pọ̀, tó fi jẹ́ pé ara òṣèré fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀, tí wọ́n fi ń ṣe ọjà, tí wọ́n fi ń ṣe odi ìlú, láìṣe pé wọ́n ń kó pákó àti aṣọ ìkélé kiri. Lójú tèmi, ọgbọ́n yìí ló sún mọ́ ti àwọn alárìnjó wa jù lọ. Agbo lásán tó àwọn alárìnjó, bí onílù bá ti wà níbẹ̀ tí èèyàn sì ti dúró yí wọn ká, ibi tí wọ́n dúró ti di ìtàgé nìyẹn. Ó yẹ kí ọmọ Bàrígà tó ń ka ìwé ìròyìn yín mọ̀ pé irú iṣẹ́ báyìí ń lọ ní ẹ̀yìnkùlé òun.

Mo wo eré kan tí wọ́n fi Yorùbá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní ìhà tiwa níbí. Òṣèré kan tó ṣe ìjòyè ló jáde, onídùndún tẹ̀ lé e. Ìjòyè náà kò sọ̀rọ̀. Ó gẹ fìlà sọ́tùn-ún, ó tún gẹ ẹ́ sósì, ó ń yan bọ̀, ilẹ̀ kò sì fẹ́ gbà á. Onídùndún wá ń fi ìlù wí i lẹ́yìn pé gbèsè kò jẹ́ kó wo ọ̀tún, gbèsè kò jẹ́ kó wo òsì. Àwọn tó gbọ́ ìlù bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ ọ ń wo ojú ara wọn. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú mi kò lè pa á mọ́ra, ó gbóhùn sókè, ó túmọ̀ ohun tí ìlù wí fún gbogbo ìlà wa. Òṣèré gbọ́, ó dúró, ó yíjú sí màmá, ó ní, “Ìyá, ta ló sọ fún yín pé mo jẹ gbèsè?” Màmá ní, “Onílù rẹ ni.” Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ìwé eré, èyí tí wọ́n bá sì ṣe lọ́jọ́ kejì kò ní í ní in. Fíìmù kò lè gbọ́ ohùn ẹni tó ń wò ó, nítorí náà ni mo ṣe sọ pé kí á má ṣe jẹ́ kí ìròyìn fíìmù gba gbogbo ojú ewé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èkó yìí kan náà ni olóògbé Hubert Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó gbé eré kan lórí ìtàn Ọgbà Ídẹ́nì sí Glover Memorial Hall fún ìjọ Aládùúrà kan, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ fún eré. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí eré Yorùbá Ronú, èyí tó fi hàn pé àwọn aláṣẹ ìgbà náà mọ bí eré ojúkojú ṣe ń wọ ará ìlú lára tó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládipọ̀ àti Moses Ọláìyá tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn tó ń ti ìlú bọ́ sí ìlú.

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí àwọn wọ̀nyẹn ṣe ń pe èèyàn. Ọkọ̀ wọn ni yóò kọ́kọ́ yí ìlú po pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí, wọ́n á máa fi Yorùbá sọ orúkọ eré, gbọ̀ngàn àti agogo tí yóò bẹ̀rẹ̀, ìwé àlẹ̀mógiri á sì wà lára ògiri ọjà. Ìwé àtìgbàdégbà Atọ́ka náà ń fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ gbé eré wọn dé ọwọ́ ẹni tí kò ráyè lọ wò ó, Yorùbá sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Tẹlifíṣọ̀n dé, fíìmù tẹ̀ lé e, fídíò náà wọlé ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìrìn òru sì di ohun tí adigunjalè sọ di ewu, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bá fi ìtàgé sílẹ̀. Eré ojúkojú ti ń padà bọ̀ sí Èkó láti ọdún mélòó kan wá, ṣùgbọ́n ìkéde rẹ̀ ní èdè Yorùbá kò bá a padà. Lórí Instagram ni wọ́n ti ń kéde ọ̀pọ̀ jù lọ nísinsìnyí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́, ìyá tó túmọ̀ ìlù fún wa lọ́jọ́sí kò sì ní í gbọ́ nípa wọn àfi tí ọmọ rẹ̀ bá sọ fún un.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé àwọn olùdarí eré ń sá fún Yorùbá nítorí pé Èkó ti di ìlú gbogbo ayé. N kò gbà pé ìdí yìí tó. Ní 1964, Dúró Ládipọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní Jámánì, Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é fún àwọn tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ní 2012, Renegade Theatre láti Èkó níbí, lábẹ́ ìdarí olóògbé Wọlé Ògúntòkun, fi Yorùbá ṣe eré Shakespeare kan lórí ìtàgé Globe ní London. Bí èdè wa bá lè dúró níbẹ̀, ó yẹ kí ó lè dúró ní Oregùn àti Ìgándò, níbi tí ìjọba Ambọ̀dé, gómìnà Èkó tẹ́lẹ̀, ti kọ́ gbọ̀ngàn eré sí, bí ó ti kọ́ sí Ẹ̀pẹ́ àti Badagry. Bí ẹ bá ń kọ èdè tí wọ́n fi ṣe eré kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, àwọn olùdarí fúnra wọn yóò rí i bóyá èrò ń wọ́ tẹ̀lé èyí tó jẹ́ Yorùbá.

Ohun kejì tí ìkéde yín yóò ṣe ni pé yóò sọ ọ̀nà fún èèyàn. Gbọ̀ngàn ńlá Ìgànmú tí a mọ̀ sí National Theatre, tí wọ́n parí ní 1976 nítorí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú, tí ibi ìjókòó inú rẹ̀ tó 5,000, ti tún ṣí láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2025, lẹ́yìn àtúnṣe ńlá, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló sì ń jẹ́ báyìí. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023 láti Mile 2 sí Marina, ní ibùdókọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn náà gan-an, ẹni tó bá sì dé Marina ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Freedom Park. Àwa ará Agége ní Red Line tó ń gbé wa dé Oyíngbò láìrí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé eré jìnnà kò tíì ro ojú irin mọ́ ọn. Kí ẹ wá fi agogo tí eré yóò parí kún un, nítorí pé ìpadàbọ̀ ló ń ba àwa ará orí ilẹ̀ lẹ́rù. Eré tó bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán yóò jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ padà délé nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú jù. Èyí tí wọ́n bá kéde fún agogo mẹ́fà, tí wọ́n wá jẹ́ kí á jókòó títí di agogo méje ààbọ̀ kí wọ́n tó tan iná ìtàgé, ẹni tó ní mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún, ó sì yẹ kí oníròyìn kọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀.

Nípa ẹni tí ẹ ó máa rán lọ wo eré, ẹ jọ̀wọ́, kí ó jẹ́ ẹni tí yóò sọ òótọ́. Ìyìn tí kò nídìí kò ràn òṣèré lọ́wọ́. Kí ó sọ bí Yorùbá tí wọ́n sọ bá já gaara tàbí tí wọ́n bá kàn ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sọ bóyá ẹni tó jókòó lẹ́yìn gbọ́ ohùn òṣèré, kí ó sì sọ iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tó kéré jù àti bóyá àwọn ọmọdé lè wọlé. Bí ẹ kò bá tíì ní òṣìṣẹ́ tó lè ṣe é, mo ṣe tán láti máa kọ èyí tí mo bá wò ní ìhà Agége, Oregùn àti Ìgándò ránṣẹ́ sí yín láìgba owó, ó sì dá mi lójú pé àwọn òǹkàwé yín ní Ẹ̀pẹ́ àti Badagry yóò ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bí ẹ bá ké sí wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Agége, Èkó