Lẹ́tà sí Marianne Strengell, láti ẹ̀bá òfì

Ìyá mi Marianne,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ ti papò dà láti 1998, àmọ́ báwo ni ahunṣọ ṣe tún fẹ́ kí ahunṣọ?

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ̀wé. Oníbàárà mi kan mú aṣọ wá lóṣù tó kọjá, ó ní ṣé èmi ni mo hun ún. Ẹ̀rọ ló hun ún. Àmọ́ àrà tèmi ni, títí kan àṣìṣe mi: ìlà pupa kan lápá òsì tó fẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, níbi tí mo ti ṣi òwú kà. Wọ́n jí àṣìṣe mọ́ ọn!

Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ká máa gégùn-ún fún ẹ̀rọ. Èmi ò lè gé e mọ́. Ẹ̀yin lẹ fà á.

Helsinki ni wọ́n bí yín sí ní 1909; bàbá yín ń yàwòrán ilé, ìyá yín ń ṣe ọ̀ṣọ́ inú ilé. Ẹ̀yin náà ti ń to inú ilé fún àwọn èèyàn kí Eliel Saarinen, ayàwòrán ilé, tó pè yín wá sí Cranbrook, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Michigan, l'Amẹ́ríkà, ní 1937. Loja, ìyàwó rẹ̀, ló dá ẹ̀ka ìhunṣọ ibẹ̀ sílẹ̀. Ní 1942 ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó di 1961 kẹ́ ẹ tó gbé e sílẹ̀. Lábẹ́ yín, akẹ́kọ̀ọ́ á fọwọ́ hun aṣọ kékeré fún àwòṣe, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ á wá wò ó hun. Ọwọ́ níwájú, ẹ̀rọ lẹ́yìn. Abẹ́ yín ni Jack Lenor Larsen, ahunṣọ olókìkí l'Amẹ́ríkà, ti kọ́ṣẹ́. Títí dórí aṣọ ìjókòó mọ́tò, ẹ ṣe é, ẹ ò rí i bí ìwọ̀sí.

Èyí tó wù mí jù ni pé ẹ kì í fi àrà dídíjú bo òwú mọ́lẹ̀. Híhun lásán ni, àmọ́ òwú kíki lẹ́gbẹ̀ẹ́ tínínrín, èyí tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò dán. Bíi sányán àtijọ́ tí ọwọ́ máa ń dá mọ̀ kí ojú tó rí i.

Mo ti ta òwú mìíràn. Aṣọ àwòṣe ni, kò gùn ju apá mi lọ. Tó bá jáde lọ́la, èmi fúnra mi ni n ó gbé e lọ bá ẹni tó ni ẹ̀rọ, pẹ̀lú owó tí mo fẹ́ gbà, tí mo ti kọ síwèé. Ìlà pupa tó fẹ̀ yẹn wà ńbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ọmọ yín lẹ́nu iṣẹ́