Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi ní Sábó, Ìkòròdú, Lórí Alùpùpù Tí Mo Fẹ́ Fi Sáré Ìje

Leicester,
Ìlú Ọba.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ṣọ́ọ̀bù. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó yín àtàwọn ọmọ wà? Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ.

Mo mọ̀ pé Màámi ti wá bá yín ní Sábó. Wọ́n ní àwọn ò rán mi wá sí Ìlú Ọba kí n wá máa gun ọ̀kadà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé fún wọn pé orí títì kọ́ ni mo fẹ́ gùn ún sí. Pápá tí wọ́n dìídì kọ́ fún eré ìje ni. Kò sí dánfó níbẹ̀, kò sí kòtò, kò sí ẹni tó ń ti iwájú bọ̀, apá ibì kan náà ni gbogbo wa ń kọjú sí. Áńbúláǹsì wà nítòsí, àwọn tó ń ju àsíá sì wà káàkiri láti kìlọ̀ bí ẹnì kan bá ṣubú. Màá kọ́kọ́ gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ACU, àjọ tó ń bójú tó eré alùpùpù níbí, kí n tó lè gba láísẹ́ǹsì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì máa ń wọ àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn, kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá.

Ọ̀rọ̀ máṣìnì tí màá rà gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Owó tí mo tù jọ jẹ́ 4,500 pọ́n-ùn, inú rẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti máa jáde. Máṣìnì fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 2,500. Aṣọ aláwọ tó bo ara látọrùn dé ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́, bàtà àti ohun tó ń dáàbò bo eegun ẹ̀yìn ni mo máa kọ́kọ́ rà. Aṣọ aláwọ lè jẹ́ àlòkù, ṣùgbọ́n akoto gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, torí kò sẹ́ni tó lè fojú mọ̀ bóyá èyí tó ń rà ti gbá nǹkan rí. Ẹ sọ ìyẹn fún Màámi dáadáa.

Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń rọ̀ mí pé kí n ra Yamaha R6. Máṣìnì gidi ni lóòótọ́: ẹ́ńjìnì rẹ̀ tóbi tó 599cc, ó ní sílíńdà mẹ́rin, agbára rẹ̀ sì lé ní ẹṣin ọgọ́rùn-ún. Boxer 150 tí ẹ ń tún ṣe lójoojúmọ́ kò ju bí ẹṣin 12 lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹ. Irú agbára bẹ́ẹ̀ máa ń bo àìmọ̀ọ́gùn mọ́lẹ̀. Èèyàn á wọ kọ́nà wúruwùru, á ti tẹ bíréèkì jù, tó bá wá jáde á fún un níná, máṣìnì á sì gbé e lọ. Máṣìnì kékeré kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Bí eré bá ti bọ́ lọ́wọ́ èèyàn nínú kọ́nà, kò sí agbára tó máa dá a padà lórí ọ̀nà tó nà gbọọrọ, ó di dandan kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé àti bí wọ́n ṣe ń jáde. Ńlá sì máa ń yára jẹ táyà, bó bá ṣubú, owó ló ń gbé lọ.

Kékeré kì í sì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ní 2018, Ana Carrasco, ọmọbìnrin ará Sípéènì, gun Kawasaki Ninja 400, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Supersport 300, ti àwọn máṣìnì kékeré, mọ́ àwọn ọkùnrin lọ́wọ́. Kò sí obìnrin tó gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀ nínú eré alùpùpù tí ẹnì kan ṣoṣo ń gùn lórí pápá ọlọ́dà. Ẹ sọ fún ọmọ yín obìnrin tó máa ń bá yín tú ẹ́ńjìnì.

Suzuki SV650 fà mí lójú gan-an. 645cc ni, sílíńdà méjì tó yà bíi V, kíláàsì tiẹ̀ sì wà níbí, Minitwin ni wọ́n ń pè é. Èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1999 sí 2002 ṣì ń lo kábúrétọ̀, mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí owó mi ká ti gbó jù, ṣọ́ọ̀kì iwájú wọn sì rọ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Ó wá ku méjì. Àkọ́kọ́ ni Ninja 400 kan tó ṣubú lójú títì. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ti kọ Cat N sí i lára, ìyẹn ni pé férémù rẹ̀ kò fara gbá. 399cc ni, kò wúwo, owó rẹ̀ sì dára. Ìkejì ni Yamaha R3, 321cc, ti ọkùnrin kan tó fẹ́ fi eré ìje sílẹ̀. Kò lágbára tó Ninja, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti parí lára rẹ̀. Wọ́n ti tú iná àti díńgí kúrò. Wọ́n ti lu ihò sí nọ́ọ̀tì ìdalẹ̀ ọ́ìlì, wọ́n sì fi wáyà so ó kó má bàa tú nínú eré. Ìsàlẹ̀ máṣìnì náà dí pa, bí ẹ́ńjìnì bá fọ́, inú rẹ̀ ni ọ́ìlì máa dúró sí. Omi lásán ló wà nínú rédíétọ̀, torí omi aláwọ̀ tí wọ́n ń dà sínú mọ́tò níbí máa ń yọ̀ bó bá dà sórí ọ̀dà. Ọkùnrin náà tún fẹ́ fi ẹsẹ̀ táyà méjì mìíràn kún un, pẹ̀lú aṣọ oníná tí wọ́n fi ń mú táyà gbóná kí wọ́n tó wọlé. Bí mo bá ní kí n ra gbogbo ìyẹn fún Ninja, owó mi ò ní tó. Mo wo ìwé òfin ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ bá sáré, R3 wọ kíláàsì tí mo ń wá.

Mo lọ wò ó bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin lọ́tùn-ún lósì, mo wo ibi tó ti ń kan férémù: kò ṣẹ́, kò sí ọ̀dà tuntun níbẹ̀. Mo yẹ nọ́ńbà ara férémù wò, kì í ṣe ti olè. Ṣọ́ọ̀kì òsì ń jo ọ́ìlì díẹ̀, síìlì ni, màá pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti sọ fún ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀ kó má tan án kí n tó dé, mo sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì, ó tutù. Nígbà tó tan án, nǹkan kan ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lókè lápá ọ̀tún, kò pẹ́ tó fi dákẹ́. Ṣé ohun tó ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnì le ni, àbí nǹkan tó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Mo ti fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìgbọ́rọ̀ sétí gbọ́ ọ, kì í ṣe láàárín ariwo ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin lẹ máa ń dá ohun tó ń ṣe máṣìnì mọ̀ kó tó ti òdìkejì títì dé ọ̀dọ̀ yín.

Ọjọ́ Sátidé ni ọkùnrin náà fẹ́ gbọ́ èsì mi. Bí ẹ bá ní kò léwu, màá san owó rẹ̀. Bí ẹ bá ní rárá, màá padà sídìí Ninja, màá sì dúró di ìgbà tí owó tó kù bá pé.

Ẹ bá mi kí Màámi àti gbogbo ilé.

Èmi àbúrò yín.