Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Nikon D5100 tí Ẹ Sọ di Infrared Kò Rí Ọ̀nà Jíjìn Mọ́

Sí Ọ̀gá Àgbà àti gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ yín,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nikon D5100 tí mo gbé wá kí ẹ sọ di kámẹ́rà infrared, èyí tó ń ya ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kì í rí, ló mú mi kọ̀wé yìí. Àdéhùn wa ni pé kí ẹ yọ dígí tó ń dí infrared lọ́nà níwájú sẹ́ńsọ̀ (ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀), kí ẹ fi dígí 720 nm, tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kúrú ju ìyẹn lọ kọjá, rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì tún fókọ́ọ̀sì ṣe kó bá ìmọ́lẹ̀ tuntun náà mu. Ẹ yọ ti àtijọ́. Ẹ fi tuntun sí i, àmọ́ ó tín-ín-rín jù. Fókọ́ọ̀sì ní tirẹ̀, ó dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dára. Dígí yín jẹ́ 720 lóòótọ́. Mo fi fílítà Hoya R72, tí òun náà jẹ́ 720, bo ojú lẹ́ǹsì, mo sì ya fọ́tò kan náà pẹ̀lú rẹ̀ àti láìsí i. Ká ní 590 tàbí 665 lẹ fi sínú ni, R72 ì bá gé púpọ̀ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ náà, fọ́tò ì bá ṣókùnkùn, àwọ̀ rẹ̀ ì bá sì yí padà. Ìyàtọ̀ tí mo rí kò tó nǹkan. Ewé igi náà funfun bó ṣe yẹ. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn.

Fókọ́ọ̀sì ni ìjà wà. Mo gbé kámẹ́rà náà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo fi lẹ́ǹsì 18-55mm tó bá a wá sí i, mo fi í sí 18mm, f/3.5. Bí mo bá dojú rẹ̀ kọ igi tó wà lókèèrè nínú Live View (ìwòran lórí ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà), lẹ́ǹsì á lọ, á bọ̀, á tún lọ, àpótí kékeré ojú rẹ̀ á máa pupa, kò ní di àwọ̀ ewé láé. Mo pa fókọ́ọ̀sì aládàáṣiṣẹ́, mo fi ọwọ́ yí òrùka rẹ̀ títí ó fi kọ̀ pé òun ò lọ mọ́. Ibi tó jìnnà jù tó hàn kedere jẹ́ mítà kan ààbọ̀, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ojú ewé ìwé ìròyìn Yorùbá tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga níbẹ̀ mọ́ débi pé àmì abẹ́ ẹ àti ọ ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òpó iná tó wà lẹ́yìn àga náà rí bàìbàì bí òwú tí wọ́n tú.

Ìdí rẹ̀ ò fara sin. Dígí tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀ máa ń ti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé sẹ́yìn, ní bíi ìdá kan nínú mẹ́ta nínípọn dígí náà. Nikon ti ṣírò ìyẹn mọ́ ibi tí wọ́n gbé sẹ́ńsọ̀ sí. Bí dígí tuntun bá tín-ín-rín ju ti àtijọ́ lọ, ìmọ́lẹ̀ ohun tó jìnnà á pàdé kó tó dé sẹ́ńsọ̀. Kó tó lè dé ojú rẹ̀ gan-an, lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ wọlé ju ibi tí wọ́n ṣe é kó wọlé mọ lọ, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ẹ sọ 18 di ìlọ́po ara rẹ̀, ó di 324. Ẹ fi 1,500 mm pín in, ẹ ó rí bíi 0.22 mm. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pàdé síwájú sẹ́ńsọ̀ tó nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di bíi 0.65 mm: ohun tí dígí yín fi dín sí ti àtijọ́ nìyẹn, ó kéré tán, torí pé lẹ́ǹsì yìí ní àyè díẹ̀ láti kọjá ọ̀nà jíjìn kó tó dúró.

Nínú èsì tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ ní lẹ́ǹsì mi ló ń ṣe é, pé infrared kì í pàdé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú lásán ń pàdé sí. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀yìn ni infrared máa ń pàdé sí, kì í ṣe iwájú. Ká ní òun nìkan ló wà níbẹ̀, lẹ́ǹsì ì bá kọjá ọ̀nà jíjìn, n ó sì fà á padà díẹ̀. Tèmi ò tilẹ̀ débẹ̀. Lẹ́ǹsì kan náà rí òpó iná yẹn kedere lórí Nikon D3200 tí ẹnikẹ́ni ò tú rí.

Ẹ tún ní kí n máa ya fọ́tò ní f/11, kí ojú lẹ́ǹsì lè kéré. Ẹ pín 0.22 sí ọ̀nà 11, ó ku 0.02 mm, bẹ́ẹ̀ píksẹ̀lì D5100 kan ò ju 0.0048 mm lọ. Àmì kan ṣoṣo á fẹ̀ dé píksẹ̀lì mẹ́rin síbẹ̀. Ìgbì infrared sì gùn ju ti ìmọ́lẹ̀ ojú lọ, nítorí náà ojú lẹ́ǹsì kékeré tètè máa ń sọ fọ́tò rẹ̀ di rírọ̀. Àwọn lẹ́ǹsì tó ń gbé àbàwọ́n ìmọ́lẹ̀ sí àárín fọ́tò infrared, f/11 àti f/16 ló máa ń túbọ̀ gbé e jáde. Ìmọ̀ràn yẹn ò tún nǹkan kan ṣe.

Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n lọ tún un ṣe nínú mẹ́nù. D7000 ní ibi tí wọ́n ti ń tún fókọ́ọ̀sì ṣe nínú mẹ́nù, D5100 ò ní in. Kódà ká ní ó ní in, fókọ́ọ̀sì inú ihò ìwòran nìkan ni ìyẹn ń tún ṣe. Kò lè mú kí lẹ́ǹsì wọlé sí i.

Ẹ̀sùn kejì ni eruku. Mo ya ògiri funfun ní f/22, mo sì ka àmì dúdú mọ́kànlá. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo fi ọ̀pá ìnusẹ́ńsọ̀ àti omi rẹ̀ nù ún lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ò kúrò. Eruku orí dígí máa ń ní òjìji ńlá tí etí rẹ̀ rọ̀. Àwọn wọ̀nyí kéré, wọ́n dúdú, etí wọn mú, ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan sẹ́ńsọ̀. Abẹ́ dígí tí ẹ ti dé pa ni wọ́n wà, kò sì sí bí oníbàárà ṣe lè dé ibẹ̀. Nínú ọyẹ́ yìí, ẹ ò gbọdọ̀ tú kámẹ́rà níbikíbi àfi lábẹ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́.

Síkúrù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bátìrì náà ti jẹ lórí, irin rẹ̀ ti ń tàn níbi tí dúdú ti bó. JIS, ìyẹn ìlànà síkúrù ti Japan, ni síkúrù Nikon. Bí ẹ bá fi irin Phillips tú u, á máa yọ̀, á sì jẹ orí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ tún kámẹ́rà náà tú láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, kí ẹ sì fi dígí 720 tí nínípọn rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu sí i. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ sún sẹ́ńsọ̀ síwájú, kí gbogbo igun rẹ̀ dọ́gba. Bí igun kan bá ju èkejì lọ, apá òsì fọ́tò á mọ́, apá ọ̀tún á bàìbàì. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún fókọ́ọ̀sì inú ihò ìwòran ṣe kó bá ti Live View mu. Ẹ nu abẹ́ dígí, ẹ pààrọ̀ síkúrù náà. Kí n tó wá gbé e, ẹ fi fáìlì NEF (fọ́tò Nikon bí kámẹ́rà ṣe yà á gan-an) mẹ́ta ránṣẹ́, kí ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n: òpó iná tó jìnnà ní 18mm f/3.5, òun kan náà ní 55mm f/5.6, àti ògiri funfun ní f/22.

Ọjọ́ 14 ni mo fún yín láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá owó mi padà pátá. Bí èyíkéyìí ò bá wáyé, n ó gbé e lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, lábẹ́ òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018.

Fọ́tò àyẹ̀wò mẹ́fà àti ẹ̀dà ìwé ìsanwó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kámẹ́rà náà wà nínú àpótí rẹ̀, mo ti yọ bátìrì, mo sì ti dé ojú rẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ tí kí n gbé e wá.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, Ìbàdàn.